Ìlà Mẹ́fà Lójú Ewé Kọkànlélọ́gọ́ta

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ìtàn yìí, mi ò sì ní díbọ́n pé inú ò bí mi. Àwọn ẹbí mi ní kí n kọ́kọ́ fara balẹ̀, wọ́n ní ìbínú ò da nǹkan fún ni, pé sùúrù ni baba ìwà. Mo ti ní sùúrù fún odindi ọdún kan ó dín oṣù kan. Baba náà jókòó sílé mi, ó ń gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, kò bí ọmọ kankan fún mi.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, Báírò Pupa ni mo ń pè é. Ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́. Tí ìwé bá fẹ́ di títẹ̀, òun ló máa kà á kẹ́yìn, á fi báírò pupa fa ìlà sí gbogbo àṣìṣe, á wá fọwọ́ sí i. Ohun tó bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ ló kàn. Èmi ní tèmi, ṣọ́ọ̀bù awò ojú ni mo wà. Èmi ni mo máa ń mú àwọn oníbàárà wọ yàrá òkùnkùn, tí mo máa ń tan iná tín-ín-rín sí wọn lójú láti mọ irú awò tó máa bá wọn mu. Tí mo bá délé nírọ̀lẹ́, mo máa ń kọ ìtàn.

Inú yàrá òkùnkùn yẹn ni ìtàn mi ti wá. Tí mo bá sún mọ́ ènìyàn níbẹ̀, tí ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú rẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n máa ń dá èémí dúró. Bàbá àgbà tó ń bẹ̀rù pé òun máa fọ́jú ń dá a dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí òórùn ara mi wù náà ń dá a dúró. Wọ́n á gbé itọ́ mì, wọ́n á di apá àga mú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ náà, mo gbà pé àyà tó ń já àti àyà tó ń fẹ́, àyà kan náà ni.

Mo wá kọ ìwé kan lórí ẹ̀. Ìtàn opó kan ni. Ọkọ rẹ̀ kú, wọ́n sin ín, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá ní ọ̀sán gangan. Ẹnu ọ̀nà yàrá ló máa ń dúró sí. Kò lè wọlé àfi tí ìyàwó bá pè é. Ẹ̀rù ń ba obìnrin náà débi pé eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ó sì ń fẹ́ ọkùnrin yẹn débi pé kì í jáde lọ́sàn-án mọ́. Ọgọ́ta ojú ewé ni wọ́n fi ń wo ara wọn. Ní ojú ewé kọkànlélọ́gọ́ta, ó ní kó wọlé.

Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé gbé ìwé náà yẹ̀wò, ó họ orí.

"Ṣé ìwé ẹ̀rù ni àbí ìwé yàrá?" ló bi mí. "Ògiri yìí ni mo ń to ti ẹ̀rù sí. Ti yàrá, ògiri tọ̀hún ni, a sì máa ń fi aṣọ bò ó. Níbo ni kí n wá to tìẹ sí?"

"Ẹ tò ó sí àárín méjèèjì, sà."

"Àárín méjèèjì, ilẹ̀kùn ló wà níbẹ̀."

Ṣùgbọ́n ó gbà á. Ó gbé e fún òǹkàwé rẹ̀, èmi ò sì mọ ẹni tó jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkùnrin gíga kan wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ó ní ojú ń dun òun. Mo mú un wọ yàrá òkùnkùn, mo ní kó gbé àgbọ̀n lé orí irin, mo tan iná.

"Iṣẹ́ kí lẹ̀ ń ṣe tí ojú fi rẹ̀ yín báyìí?"

"Ìwé ni mo ń kà jẹun. Ìwé kan ló wá bà mí lójú jẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ló yẹ kí n kà á, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Òkú kan tó dúró sẹ́nu ọ̀nà."

Mo sún iná mọ́ ọn díẹ̀. "Ṣé ó bà yín lẹ́rù ni?"

"Ó bà mí lẹ́rù. Ó tún…"

"Ó tún kí ni?"

"Ẹ máa wo ojú mi lọ, ẹ jọ̀ọ́."

Mo wò ó. Kò mí. Mo ní, "Ẹ má mi orí. Èmi ni mo kọ ọ́." Ọkùnrin náà sì mi orí, ó fi iwájú orí gbá irin, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ohun tí èmi àti Báírò Pupa kọ́kọ́ jọ rẹ́rìn-ín sí nìyẹn.

Etí ìwé la ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ra. Ó máa ń fi ojú ewé mélòó kan ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú àtúnṣe, èmi á tún un ṣe, màá dá a padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ nìkan ló ń kọ síbẹ̀: àmì ohùn kò sí níbí, gbólóhùn yìí gùn jù. Lọ́jọ́ kan mo rí i létí ojú ewé ogún: "Níbí, mo dìde lọ mu omi." Ní ojú ewé ọgbọ̀n: "Níbí, mo wẹ̀yìn." Mo fi báírò dúdú fèsì: "Kí lẹ rí lẹ́yìn?" Ó kọ ọ́ padà: "Mi ò rí yín níbẹ̀, ìyẹn ló dùn mí." Mo fi bébà yẹn sábẹ́ ìrọ̀rí bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Tí ìwé bá pẹ́ kó tó dé, mi ò ní lè jẹun. Mo máa ń bi ara mi bóyá èmi ló ń fẹ́ tàbí opó inú ìwé. Nígbà tó yá, mi ò bi ara mi mọ́.

Ẹ ò ní gbọ́ ìyókù lẹ́nu mi. Ohun tí mo lè sọ ni pé ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, mo rí ẹ̀yìn rẹ̀. Àmì kan wà lábẹ́ èjìká òsì, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọwọ́. Ẹni tó bá ń kọ̀wé, olè ni. Mo jí àmì yẹn gbé, mo fi sí ẹ̀yìn òkú inú ìwé mi. Nígbà tí Báírò Pupa kà á, kò fa ìlà pupa kankan sí i. Ohun tó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, "Mo mọ ọkùnrin yìí."

Ìyá rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n.

Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ nílé ìwé, ó sì ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n tí ẹ bá kí i, á kọ́kọ́ tún ìkíni yín ṣe kó tó dáhùn. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ kí i, ó fẹ́ràn mi. Ó ní mo mọ bí a ṣe ń jókòó. Ó wá tú àpò ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó rí ìwé náà, ó sì kà á láti àárọ̀ títí wọ ìrọ̀lẹ́. Ó ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo dé, bébà náà wà lórí tábìlì, ó fi gíláàsì omi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ó lè sá lọ.

"Jókòó. Ẹjọ́ méjì ni mo ní pẹ̀lú rẹ, mi ò tíì mọ èyí tí mo máa fi síwájú."

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó bá wù yín, mà."

"Kò sí èyí tó wù mí níbẹ̀. Àkọ́kọ́, o pa ọmọ mi."

"Mi ò pa ẹnikẹ́ni, mà. Ìtàn ni."

"O pa á, o sin ín, o tún jí i dìde. Ẹ̀kejì, àmì ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi tí mo wẹ̀ ẹ́ títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mo mọ àmì yẹn. Bàbá rẹ̀ kú láìmọ̀ bóyá apá ọ̀tún ló wà àbí òsì. Báwo ni ìwọ ṣe mọ̀ ọ́n?"

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ẹni tó bi í ti mọ èsì.

"Gbọ́," ló wí. "Mo lè fara mọ́ ẹ̀rù. Ẹ̀rù ń kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n. Ti ìfẹ́, mo lè gbójú kúrò níbẹ̀, a ò ní ṣe bí ẹni pé ojú ọ̀run ni àwọn ọmọ ti ń já bọ́. Àmọ́ kí ènìyàn po méjèèjì pọ̀? Ta ló ń ṣe irú ẹ̀? Obìnrin tí ẹ̀rù ń bà kì í tú aṣọ."

"Wọ́n máa ń tú u, mà."

"Ta ló sọ fún ọ?"

Mo wo ilẹ̀. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí ọmọ òun fẹ́ obìnrin tó kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àfi tí ìwé náà bá mọ́.

Bí àǹtí mi ṣe di alárinà nìyẹn. Àbúrò bàbá mi ni, onídìrí ni, kò sì sí ìjà tí kò rò pé òun lè fi ẹnu pa. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín ilé méjèèjì pẹ̀lú bébà kan tó ká sínú ìkọ́mú. Lójoojúmọ́ ló ń wá jábọ̀ fún mi.

"Wọ́n ní àmì ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ kúrò. Mo ní a gbà."

"Ta ló gbà?"

"Ìwọ. Wọ́n tún ní bẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ kúrò. Mo ní kí wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún wa, kí wọ́n mú ìrọ̀rí méjèèjì."

"Àǹtí, ṣé ẹja lẹ̀ ń ná ni?"

"Ọkọ ni mo ń ná fún ọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ẹ́, má jẹ́ kí òkú inú ìwé lé alààyè lọ mọ́ ọ lọ́wọ́."

Mo yọ àmì ẹ̀yìn kúrò. Ara ọmọ wọn ni, kì í ṣe tèmi láti tà. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ní mi ò yọ nǹkan kan mọ́. Àǹtí mi bú mi. Mo dùbúlẹ̀, mo ro ó síwájú sẹ́yìn. Ṣé agídí ni? Ṣé ìwé lè gbé mi lọ sílé ìwòsàn tí ara mi ò bá yá? Mo pe Báírò Pupa, mo ní kí ló fẹ́ sọ sí i. Ó ní, "Fi sílẹ̀ fún mi. Màá bá Mọ́mì sọ ọ́."

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, àǹtí mi já wọlé, gèlè rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. Màmá Tíṣà ti gbà. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí ẹbí méjèèjì máa pàdé nílé wa. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún ayọ̀. Mo rò pé ó dojú kọ ìyá rẹ̀ nítorí mi. Láyé mi, mi ò tíì fẹ́ràn ènìyàn bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ ní àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ìwé jáde. Ọjọ́ kẹrin ṣáájú ìpàdé ni Báírò Pupa fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì ṣí i sí ojú ewé kọkànlélọ́gọ́ta, torí ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù.

Bí mo ṣe kọ ọ́ ni pé opó náà jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó wo ọkọ rẹ̀, ó ní: "Ẹ̀rù rẹ ń bà mí. Láti ọjọ́ tí o ti kú ni ara mi ti ń wá ọ. Mo rò ó dáadáa, kò sẹ́ni tó fi ipá mú mi. Bọ́ bàtà ibojì yẹn sílẹ̀. Fara balẹ̀ o. Wọlé." Ìlà mẹ́fà gan-an ni. Lẹ́yìn náà ni òkú wọlé, tó ti ilẹ̀kùn, tí obìnrin náà ń gbọ̀n, tí wọ́n sì jọ dùbúlẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀.

Nínú ìwé tí mo mú lọ́wọ́, opó náà jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Òkú wọlé. Ó ti ilẹ̀kùn. Obìnrin náà ń gbọ̀n. Ó dùbúlẹ̀ tì í títí oòrùn fi yẹ̀.

Mo kà á tó ìgbà mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀dì ṣì wà níbẹ̀. Òkú ṣì wà níbẹ̀. Wọn ò yọ ohun tí ó ṣe sí i. Ẹnu obìnrin náà nìkan ni wọ́n yọ.

Mi ò dúró gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo kọjá sí ilé ìtẹ̀wé. Báírò Pupa wà nídìí tábìlì rẹ̀, awò tí mo bá a yàn wà lójú rẹ̀. Mo ju ìwé síwájú rẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí?"

Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìlà mẹ́fà péré ni."

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kí ni obìnrin yẹn sọ nínú ìlà mẹ́fà?"

"Ó ní kó wọlé."

"Tí kò bá wá sọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ṣì wọlé náà. Ìtàn ò yí padà. Wò ó, torí tiwa ni mo ṣe ṣe é. Mọ́mì ti kà á, ó ní ó mọ́ báyìí."

"Ó mọ́?"

"Ó ní ó mọ́."

"Iṣẹ́ rẹ ni láti wá àṣìṣe. Àṣìṣe wo lo rí níbẹ̀ tí o fi fa ìlà lé e?"

Ó bọ́ awò rẹ̀, ó ń nù ún, kò sì dọ̀tí.

"Kí ló dé tí o ò bi mí?"

"Mo mọ̀ pé o ò ní gbà," ló wí. "Ìdí tí mi ò fi bi ọ́ nìyẹn."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣàlàyé ọ̀nà fún àlejò. Mo wo ẹnu tó sọ ọ́, ẹnu tí mo ti fi ẹnu mi kàn, ẹ̀rù rẹ̀ bà mí. Kì í ṣe irú ẹ̀rù tí mo ń kọ ìwé lé lórí o. Kò sí adùn kankan nínú ìyẹn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Ó ní ìwé ti jáde, òun ò lè dá a padà sínú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìpàdé, níwájú ẹbí méjèèjì, òun máa sọ pé òun lòun yọ ọ́, pé òun ṣẹ̀, pé ọ̀gá gbọ́dọ̀ tún un tẹ̀. Mo bi í bóyá ó lè sọ ọ́ lójú ìyá rẹ̀. Ó ní òun lè sọ ọ́. Mo ní tó bá sọ ọ́, màá fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ kó sọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́rin yẹn, gbogbo àdúrà mi ò ju ìyẹn lọ.

Ọjọ́ pé. Pálọ̀ bàbá mi kún. Bàbá mi, tó ń tún rédíò ṣe, kó gbogbo wáyà rẹ̀ sí abẹ́ àga, ó wọ aṣọ tó ti há a láyà. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n kí ara wọn títí. Màmá Tíṣà mú ìwé mi jáde nínú báàgì, ó gbé e sókè.

"Ẹ wò ó, ọmọ yín ní ẹ̀bùn. Mo ti fún àwọn ọmọ tí mo kọ́ rí ní méjì. Ìwé yìí ò ní ẹ̀gbin kankan mọ́."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ka ojú ewé kọkànlélọ́gọ́ta sí wa létí."

Àǹtí mi fi ìgunpá gún mi. Báírò Pupa dìde, ó gba ìwé lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ohùn rẹ̀ dára. Ó ka bẹ́ẹ̀dì, ó ka òkú wọlé, ó ka ilẹ̀kùn. Ó dé ibi tí obìnrin náà ti ń gbọ̀n, ó sì dúró. Mo rí i tó yé e. Mo fi ojú mi rí i.

"Mọ́mì," ló wí, "ọkùnrin yìí ò béèrè."

"Béèrè kí ni?" Màmá Tíṣà wò ó bí ẹni tí ọmọ iléèwé bi ní ìbéèrè òpònú. "Ọkọ rẹ̀ ṣáà ni."

Àwọn àgbà mi orí. Wọn ò jiyàn, wọn ò bínú. Wọ́n mi orí bí ìgbà tí ènìyàn bá sọ pé òjò máa rọ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ fi kún un pé ilé ọkùnrin náà ló wọ̀, kò fọ́lé ẹlòmíràn. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Mo ń wo Báírò Pupa. Ó ń wo ìyá rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kó sọ ọ́, kó ṣáà sọ ọ́, kó sọ ìdajì rẹ̀ pàápàá. Ó pa ìwé dé. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ó sì jókòó.

Ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí wọn, bàbá kan tí irun rẹ̀ ti funfun tán, yí àga rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi. "Ọmọ wa, a ti ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ó yẹ kí a gbọ́ lẹ́nu rẹ. Ṣé o gbà láti fẹ́ ọmọkùnrin yìí?"

"Ó gbà, sà," ni àǹtí mi wí, ó ti ń rẹ́rìn-ín.

"Òun ni wọ́n bi," ni bàbá mi wí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Gbogbo ojú wá sọ́dọ̀ mi. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó ti ń fi mí ná ọjà, bàbá arúgbó yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí ní nǹkan kan, mo sì rí i pé èsì ti wà lẹ́nu mi.

Mo ní rárá.

Etí bàbá náà ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.